Ẹnì Kejì Rẹ Ti Sọ Tiẹ̀, Báwo Lo Ṣe Máa Dá A Lóhùn?

NÍ ALẸ́ September 29, 1929, tọkọtaya méjì jókòó sídìí tábìlì kan nílùú Kansas City, ní ìpínlẹ̀ Missouri lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, wọ́n ń ta bíríìjì. Nígbà tó yá, ọ̀kan nínú àwọn ọkọ náà, John Bennett, pe sípéèdì. Myrtle ìyàwó rẹ̀ gbé ìpè náà dé sípéèdì mẹ́rin. Ọkọ ta á títí, kò rí i ṣe. Ìyàwó sọ̀rọ̀ sí i, ọkọ fèsì, ọ̀rọ̀ di ariwo, ọkọ sì gbá ìyàwó rẹ̀ létí. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọkọ ti kú. Ìyàwó rẹ̀ ló yìnbọn fún un. Lọ́dún 1931, ilé ẹjọ́ ní obìnrin náà ò jẹ̀bi ìpànìyàn, àmọ́ ìyẹn ò dá ọkọ rẹ̀ pa dà.

A dúpẹ́ pé irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n gan-an. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó máa ń ṣáájú ìjà kì í ṣọ̀wọ́n rárá. Ibi yòówù kí wọ́n ti máa ta bíríìjì, wàá gbọ́ kí ẹnì kan máa sọ fún ẹnì kejì rẹ̀ pé: “Kí ló dé tó o fi pè é bẹ́ẹ̀? Ṣé o ò gbọ́ ohun tí mo sọ ni?” Ìpè kan sì wà tó máa ń fa irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ju ọ̀pọ̀ lọ. Òun ni ìpè tí ẹni tí káàdì ọwọ́ rẹ̀ ò lágbára fi ń ṣí eré. Ẹni tó pè é mọ ohun tó ń ṣe. Ọ̀dọ̀ ẹni tó máa dá a lóhùn ni wàhálà ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀.

Kí nìdí tí ẹni tí ò lágbára á fi kọ́kọ́ sọ̀rọ̀? Báwo lẹnì kejì rẹ̀ ṣe máa dá a lóhùn tí ọ̀rọ̀ ò fi ní dà rú?

Eré tí ẹni méjì ń ta bí ẹnì kan

Nínú Whot, tí ọ̀pọ̀ ìdílé mọ̀ bí ẹní mowó ní Nàìjíríà, kálukú ló ń jà fúnra rẹ̀. Nínú ayò ọlọ́pọ́n, ẹni méjì ló ń kojú ara wọn. Bíríìjì yàtọ̀. Ẹni mẹ́rin ló ń ta á, àwọn méjì tó jókòó dojú kọra sì wà lápá kan náà. Nínú ìwé, wọ́n máa ń pe àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní Àríwá, Gúúsù, Ìlà Oòrùn àti Ìwọ̀ Oòrùn. Àríwá àti Gúúsù ń bá Ìlà Oòrùn àti Ìwọ̀ Oòrùn díje.

Káàdì 52 ni wọ́n ń pín, ó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan ní 13. Oríṣi mẹ́rin ni káàdì náà: sípéèdì, háàtì, dáyámọ́ńdì àti kílọ́ọ̀bù. Nínú oríṣi kọ̀ọ̀kan, éèsì ló tóbi jù, lẹ́yìn náà ọba, ayaba, jáàkì, tó fi dé orí 10 àti àwọn tó kéré sí i. Tí ẹnì kan bá ju káàdì sílẹ̀, àwọn mẹ́ta yòókù gbọ́dọ̀ ju oríṣi kan náà tí wọ́n bá ní in. Ẹni tí tiẹ̀ tóbi jù ló máa kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìgbà 13 ni wọ́n máa kó káàdì kí ọwọ́ kan tó parí.

Àmọ́ kí wọ́n tó ju káàdì kankan, wọ́n máa ń ṣe ohun kan tó jọ gbàǹjo. Kálukú á sọ iye ìgbà tí apá tiẹ̀ lè kó káàdì, tí wọ́n bá fi oríṣi kan ṣe trọ́ǹpù, ìyẹn oríṣi tó ń borí gbogbo ìyókù. Wọ́n máa ń fi mẹ́fà kún iye tí wọ́n bá pè. Torí náà, ẹni tó pe “háàtì méjì” ń sọ pé, tí háàtì bá jẹ́ trọ́ǹpù, apá tiwọn máa kó káàdì lẹ́ẹ̀mẹ́jọ. Ẹni tó bá fẹ́ gba ìpè lọ́wọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ pe ohun tó ga ju ìyẹn lọ. Ẹni tí ò bá ní nǹkan sọ á ní, “Páàsì.” Ẹni tó bá rò pé ohun tí apá kejì pè máa já sí òfo lè sọ pé, “Dọ́bù,” kí ìyà wọn lè pọ̀ sí i.

Lọ́dún 1925, ọkùnrin olówó kan ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Harold Vanderbilt tún ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣírò máàkì eré yìí ṣe nígbà tó wà nínú ọkọ̀ òkun tó gba Ipa Odò Panama kọjá. Ohun tó ṣe ló sọ eré náà di bó ṣe wà lónìí: ohun tẹ́ ẹ bá pè nìkan lẹ máa gba ẹ̀bùn rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá kó káàdì lẹ́ẹ̀mẹ́wàá àmọ́ tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ lẹ pè, ẹ̀bùn ńlá ti bọ́ nìyẹn. Látìgbà náà ni ìpè ti di ọkàn eré yìí. O ò rí káàdì ọwọ́ ẹnì kejì rẹ, o ò sì lè fẹnu bi í pé kí ló ní. Ìpè nìkan lẹ̀ ń fi bára yín sọ̀rọ̀.

Kí nìdí tí ẹni tí ò lágbára á fi kọ́kọ́ sọ̀rọ̀?

Káwọn tó ń ta á lè mọ bí ọwọ́ kan ṣe lágbára tó, wọ́n máa ń ka póìǹtì: mẹ́rin fún éèsì, mẹ́ta fún ọba, méjì fún ayaba, ọ̀kan fún jáàkì. Charles Goren, tóun náà jẹ́ ará Amẹ́ríkà, ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn máa lo ọ̀nà ìṣírò yìí. Ogójì póìǹtì ló wà nínú gbogbo káàdì. Ẹni tó ní nǹkan bíi 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló máa ń ṣí ìpè láti ìsàlẹ̀, bíi “sípéèdì kan.” Tí apá kan bá ní nǹkan bíi 25 tàbí 26 pa pọ̀, wọ́n sábà máa ń lè pe háàtì mẹ́rin tàbí sípéèdì mẹ́rin, èyí tó ń mú ẹ̀bùn ńlá wá.

Láwọn ọdún 1930, nígbà tí òkìkí Ely Culbertson kàn káàkiri nídìí eré yìí, ẹni tó bá fi “méjì” ṣí ìpè ń sọ pé ọwọ́ òun le koko. Àmọ́ irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ kì í sábà wá. Howard Schenken, ọ̀kan lára àwọn tó mọ eré náà ta jù ní Amẹ́ríkà láyé ìgbà yẹn, wà lára àwọn tó yí i pa dà. Wọ́n fi “méjì” sílẹ̀ fún ọwọ́ tó máa ń wá dáadáa: ọwọ́ tó ní káàdì mẹ́fà nínú oríṣi kan, àmọ́ tí póìǹtì rẹ̀ ò ju nǹkan bíi mẹ́fà sí mẹ́wàá lọ. Lónìí, irú ìpè yìí ti di ohun tí wọ́n ń lò kárí ayé. Nínú ọ̀pọ̀ ètò ìpè, háàtì méjì àti sípéèdì méjì ni wọ́n máa ń lò bẹ́ẹ̀, àwọn kan sì máa ń fi dáyámọ́ńdì méjì kún un.

Àǹfààní wo ló wà níbẹ̀? Ronú nípa gbàǹjo. Tí ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ bá pe iye kékeré, àwọn yòókù á máa gùn ún díẹ̀díẹ̀, wọ́n á máa wojú ara wọn, wọ́n á sì mọ ibi tó yẹ kí wọ́n dúró. Àmọ́ tí ìpè àkọ́kọ́ bá ti ga, kò sí àyè fún ọ̀rọ̀ púpọ̀ mọ́. Bó ṣe rí náà nìyẹn. Tí o ò bá lágbára, àfàìmọ̀ ni káàdì ńláńlá ò fi ní wà lọ́wọ́ àwọn alátakò. Ìpè rẹ á gba àyè tí wọn ì bá fi bára wọn sọ̀rọ̀.

Ó lè já sí òfo lóòótọ́. Àmọ́ wo ìṣirò yìí. Nínú ìdíje, tí àwọn alátakò bá pe sípéèdì mẹ́rin tí wọ́n sì ṣe é, máàkì 420 ni wọ́n máa gbà. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ gba ìpè náà mọ́ wọn lọ́wọ́, tí wọ́n pe dọ́bù, tẹ́ ẹ sì fi ẹ̀ẹ̀kan kùnà, 100 ni wọ́n máa gbà. Tẹ́ ẹ bá fi ẹ̀ẹ̀mejì kùnà, 300. Tó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹta, 500. Torí náà, ìkùnà ẹ̀ẹ̀mejì ṣì sàn ju kẹ́ ẹ jókòó máa wò wọ́n lọ. Ṣùgbọ́n ìgbà míì wà tí òfin eré máa sọ pé apá kan wà “nínú ewu.” Nígbà yẹn, ẹ̀bùn wọn á pọ̀ sí i, sípéèdì mẹ́rin á di 620. Ìyà náà á pọ̀ sí i: 200, 500, 800. Ẹni tó bá gbàgbé láti wo èyí kó tó sọ̀rọ̀ lè fọwọ́ ara rẹ̀ ṣera rẹ̀.

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ tó ti di odindi

Àwọn àgbà máa ń sọ pé àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, tó bá dé inú rẹ̀, á di odindi. Ohun tí ìpè aláìlágbára wà fún gan-an nìyẹn. Ẹni tó pe “háàtì méjì” ti sọ gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: “Mo ní háàtì mẹ́fà. Mi ò ní nǹkan púpọ̀ míì. Iṣẹ́ tèmi ti parí.” Látìgbà náà lọ, ẹni tó ń dáhùn ló di ọ̀gá ọkọ̀. Òun nìkan ló mọ ohun tó wà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣi ẹsẹ̀ gbé nìyí. Dípò kí ẹni tó ń dáhùn gba ohun tí ẹnì kejì rẹ̀ sọ gbọ́, ọwọ́ ara rẹ̀ ló máa ń wò. Tó bá rí póìǹtì púpọ̀, á ní, “Mo lágbára, mo gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀.” Tí ò bá rí nǹkan kan, á ní, “Mi ò ní nǹkan kan, ẹ jẹ́ kí n dákẹ́.” Lọ́pọ̀ ìgbà, òdìkejì ohun tó yẹ kó ṣe ló ṣe yẹn. Àpẹẹrẹ mẹ́ta máa jẹ́ kó ṣe kedere. Nínú gbogbo wọn, ọwọ́ kan náà ni Àríwá fi pe háàtì méjì:

Sípéèdì 8, 3. Háàtì ọba, ayaba, 10, 9, 7, 4. Dáyámọ́ńdì ayaba, 6, 2. Kílọ́ọ̀bù 9, 5.

Póìǹtì méje ni gbogbo rẹ̀. Ní báyìí, jẹ́ ká jókòó sípò Gúúsù.

Ka trọ́ǹpù kó o tó ka póìǹtì

Ká sọ pé ohun tí Gúúsù ní nìyí: Sípéèdì 7. Háàtì éèsì, 8, 5, 2. Dáyámọ́ńdì jáàkì, 9, 8, 4. Kílọ́ọ̀bù 10, 7, 6, 4.

Póìǹtì márùn-ún péré. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ á ní páàsì láìronú lẹ́ẹ̀mejì. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká ka háàtì: mẹ́fà lọ́wọ́ Àríwá, mẹ́rin lọ́wọ́ Gúúsù, ó di mẹ́wàá. Ẹ ka póìǹtì náà: méje pẹ̀lú márùn-ún jẹ́ 12. Àwọn alátakò ló ni 28 tó kù. Sípéèdì mẹ́wàá ló sì wà lọ́wọ́ wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Gúúsù lè má tíì mọ iye rẹ̀ gan-an. Kò sí àní-àní pé wọ́n lè ṣe sípéèdì mẹ́rin, ó tiẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí ni ìdáhùn tó tọ́? Háàtì mẹ́rin, lójú ẹsẹ̀! Kì í ṣe torí pé wọ́n máa ṣe é. Tá a bá ka ohun tí wọ́n máa pàdánù, sípéèdì kan, dáyámọ́ńdì méjì àti kílọ́ọ̀bù méjì ló sábà máa jẹ́, torí náà ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ ni wọ́n máa kó káàdì dípò ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá. Tí wọn ò bá sí nínú ewu, máàkì 300 ni wọ́n máa sọ nù tí wọ́n bá tiẹ̀ pe dọ́bù fún wọn. Ìyẹn kéré sí 420. Yàtọ̀ síyẹn, ẹni tó jókòó lẹ́yìn Gúúsù gbọ́dọ̀ pinnu lórí ipele kẹrin láìtíì gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu ẹnì kejì rẹ̀. Ó lè dákẹ́ nígbà tó yẹ kó sọ̀rọ̀, ó sì lè sọ̀rọ̀ nígbà tó yẹ kó dákẹ́.

Jean-René Vernes, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló ṣàlàyé ìlànà tó wà nídìí èyí. Lọ́dún 1969, ó kọ àpilẹ̀kọ kan nípa rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn The Bridge World. Ó kíyè sí i pé tí apá kọ̀ọ̀kan bá fi oríṣi tó pọ̀ jù lọ́wọ́ wọn ṣe trọ́ǹpù, àròpọ̀ iye ìgbà tí apá méjèèjì lè kó káàdì sábà máa ń sún mọ́ àròpọ̀ trọ́ǹpù tí wọ́n ní. Lọ́dún 1992, Larry Cohen tó jẹ́ ará Amẹ́ríkà kọ ìwé kan tó jẹ́ kí ìlànà náà tàn káàkiri. Fún ẹni tó ń dáhùn ìpè aláìlágbára, ohun tó yọrí sí ò le rárá: pè dé iye trọ́ǹpù tẹ́ ẹ ní. Tí trọ́ǹpù yín bá jẹ́ mẹ́jọ, ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ ló tó, dákẹ́ sí háàtì méjì. Tó bá jẹ́ mẹ́sàn-án, pe háàtì mẹ́ta. Tó bá jẹ́ mẹ́wàá, pe háàtì mẹ́rin.

Ohun pàtàkì kan rèé: tí Gúúsù bá pe háàtì mẹ́ta, kì í ṣe pé ó ń sọ fún Àríwá pé, “Tẹ̀ síwájú tí ọwọ́ rẹ bá dáa.” Ṣe ló kàn ń ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn alátakò. Àríwá gbọ́dọ̀ ní páàsì, bí inú rẹ̀ tiẹ̀ ń dùn sí káàdì ọwọ́ rẹ̀.

Nígbà tó sàn kéèyàn dákẹ́

Ní báyìí, ká sọ pé ohun tí Gúúsù ní nìyí: Sípéèdì éèsì, ọba, 7, 4. Háàtì 3. Dáyámọ́ńdì ọba, jáàkì, 8, 5. Kílọ́ọ̀bù ọba, jáàkì, 8, 4.

Póìǹtì 15! Ọwọ́ á fẹ́ máa yún ẹni tó ní irú rẹ̀. Ká ní ẹnì kejì rẹ̀ ṣí ìpè lọ́nà tó wọ́pọ̀, pẹ̀lú póìǹtì 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ì bá tọ̀nà kí wọ́n wá ẹ̀bùn ńlá lọ. Àmọ́ Àríwá ò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ti sọ pé póìǹtì òun ò ju mẹ́wàá lọ, ó sì lè má ju mẹ́fà lọ. Èyí tó dáa jù tí wọ́n lè ní pa pọ̀ jẹ́ 25, èyí tó sì ṣeé ṣe jù kéré síyẹn. Háàtì kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ Gúúsù. Tó bá gbìyànjú láti fi nǹkan míì rọ́pò háàtì, háàtì mẹ́fà tó wà lọ́wọ́ Àríwá lè di ohun tí wọn ò ní rọ́nà dé ìdí rẹ̀.

Ìdáhùn tó tọ́ ni páàsì. Háàtì méjì ò burú. Tí àwọn alátakò bá sì ki ọrùn bọ̀ ọ́, tí wọ́n pe sípéèdì tàbí dáyámọ́ńdì, Gúúsù tó dákẹ́ láìsọ nǹkan kan á ti wà níbẹ̀ tó ń dúró dè wọ́n pẹ̀lú dọ́bù.

Ẹ ò rí i pé ìdáhùn méjèèjì yìí ta kora? Ẹni tó ní póìǹtì márùn-ún fò lọ sí ipele kẹrin. Ẹni tó ní 15 dákẹ́. Ohun tó fa ìyàtọ̀ náà ò ju ọ̀kan lọ: èkíní ní ohun tí ẹnì kejì rẹ̀ ń fẹ́, ìkejì ò ní in.

Béèrè kó o tó pinnu

Nígbà míì, ẹni tó ń dáhùn á ní agbára, á sì tún ní nǹkan tó máa ran ẹnì kejì rẹ̀ lọ́wọ́. Ká sọ pé ohun tí Gúúsù ní nìyí: Sípéèdì éèsì, 9, 6. Háàtì éèsì, 5. Dáyámọ́ńdì ọba, jáàkì, 7, 4. Kílọ́ọ̀bù éèsì, 10, 6, 3.

Póìǹtì 16, háàtì méjì, éèsì mẹ́ta. Ẹ̀bùn ńlá lè wà níbẹ̀, ó sì lè má sí. Ó kù sọ́wọ́ bí háàtì Àríwá ṣe dáa tó. Ṣé Gúúsù máa méfò ni? Rárá o. Harold Ogust, ará Amẹ́ríkà míì tó mọ eré náà dáadáa, ṣètò ìbéèrè kan tí wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ pè títí dòní. Gúúsù á pe “nótrọ́ǹpù méjì.” Kò túmọ̀ sí pé ó fẹ́ ta á láìsí trọ́ǹpù. Ìbéèrè ni: “Irú ọwọ́ wo ló wà lọ́wọ́ rẹ gan-an?” Ẹni tó ṣí ìpè á wá mú ọ̀kan nínú ìdáhùn márùn-ún yìí:

● Kílọ́ọ̀bù mẹ́ta: póìǹtì mi kéré, oríṣi tí mo pè náà ò dáa.

● Dáyámọ́ńdì mẹ́ta: póìǹtì mi kéré, àmọ́ oríṣi tí mo pè dáa.

● Háàtì mẹ́ta: póìǹtì mi pọ̀ díẹ̀, àmọ́ oríṣi tí mo pè ò dáa.

● Sípéèdì mẹ́ta: póìǹtì mi pọ̀ díẹ̀, oríṣi tí mo pè náà dáa.

● Nótrọ́ǹpù mẹ́ta: mo ní éèsì, ọba àti ayaba nínú oríṣi tí mo pè.

Tí wọ́n bá ní oríṣi kan “dáa,” ohun tí ọ̀pọ̀ gbà ni pé ó kéré tán méjì nínú éèsì, ọba àti ayaba wà níbẹ̀. Àríwá ní ọba àti ayaba, àmọ́ póìǹtì méje péré ló ní. Torí náà, á dáhùn pé, “Dáyámọ́ńdì mẹ́ta.” Ó tán! Gúúsù á pe háàtì mẹ́rin. Tí háàtì tó wà lọ́wọ́ àwọn alátakò bá pín bó ṣe sábà máa ń pín, wọ́n á fi háàtì kó o lẹ́ẹ̀mẹfà, éèsì sípéèdì lẹ́ẹ̀kan, éèsì kílọ́ọ̀bù lẹ́ẹ̀kan, àti dáyámọ́ńdì lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá pé géérégé. Ká ní Àríwá dáhùn pé, “Kílọ́ọ̀bù mẹ́ta” ni, Gúúsù ì bá lè dúró sí háàtì mẹ́ta, kó sì tẹ́wọ́ gba ìwọ̀nba tó wà níbẹ̀.

Tó bá jẹ́ pé ipele kẹta ló ti bẹ̀rẹ̀

Ẹni tó ní káàdì méje nínú oríṣi kan, tí ò sì lágbára, sábà máa ń fi “mẹ́ta” ṣí ìpè. Níbí, póìǹtì tiẹ̀ tún máa ń tan ẹni tó ń dáhùn jẹ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìlànà kan tó ti wà látìgbà Culbertson ni pé kí ẹni tó ń pè é má ṣe pè ju agbára ọwọ́ ara rẹ̀ lọ ní ìgbà méjì tó bá wà nínú ewu, tàbí ìgbà mẹ́ta tí ò bá sí nínú ewu. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹni tó pe sípéèdì mẹ́ta láìsí nínú ewu ń sọ pé òun nìkan lè kó o lẹ́ẹ̀mẹfà. Kí sípéèdì mẹ́rin tó lè bọ́ sí i, ẹnì kejì rẹ̀ gbọ́dọ̀ mú ẹ̀ẹ̀mẹrin wá.

Ẹ wo ọwọ́ méjì yìí. Àkọ́kọ́ ní sípéèdì kékeré méjì, éèsì àti ọba háàtì, éèsì dáyámọ́ńdì àti éèsì kílọ́ọ̀bù. Ìkejì náà ní sípéèdì kékeré méjì, àmọ́ ó ní ọba, ayaba àti jáàkì háàtì, ayaba àti jáàkì dáyámọ́ńdì, pẹ̀lú ọba, ayaba àti jáàkì kílọ́ọ̀bù. Póìǹtì 15 ló wà nínú ọwọ́ kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ àkọ́kọ́ mú ìgbà mẹ́rin tó dájú wá, torí náà kó pe sípéèdì mẹ́rin. Ìkejì ò ní éèsì kankan. Àwọn alátakò lè kó éèsì wọn kọ́kan kí ọba àti ayaba yẹn tó rójú. Páàsì ló yẹ ẹ́. Àwọn ayaba àti jáàkì dà bí aṣọ àríyá: wọ́n dùn ún wò, àmọ́ kì í ṣe ohun téèyàn ń wọ̀ lọ sóko.

Kò sóhun tá a fi pa mọ́

Ẹnì kan lè rò pé ẹ̀tàn ni kéèyàn fi ọwọ́ tí ò lágbára pe ohun tó ga. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin bíríìjì sọ pé kò gbọ́dọ̀ sí àdéhùn ìkọ̀kọ̀ láàárín àwọn méjì tó jọ ń ta á. Tí alátakò bá béèrè ohun tí ìpè kan túmọ̀ sí, wọ́n gbọ́dọ̀ ṣàlàyé rẹ̀ fún un. Ohun tí ẹnì kejì rẹ mọ̀ nípa àdéhùn yín, àwọn náà lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ̀ ọ́n.

Bákan náà, ohùn, ojú àti ìmí ẹ̀dùn ò gbọ́dọ̀ sọ ohun tí ìpè ò sọ. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé, nínú ìdíje, wọn kì í fẹnu pè é mọ́. Àpótí kékeré kan máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kálukú, tí káàdì tí wọ́n tẹ ìpè sí wà nínú rẹ̀. Wọ́n á kàn yọ èyí tí wọ́n fẹ́, wọ́n á sì gbé e sórí tábìlì. Tí ẹnì kan bá ronú pẹ́ kó tó pè, òfin ò fàyè gba ẹnì kejì rẹ̀ láti lo ohun tó rí yẹn.

Ìwà kan tún wà tó ń ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Òun ni kí ẹni tó ti fi ìpè aláìlágbára sọ gbogbo tẹnu rẹ̀ tún sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kejì láìjẹ́ pé wọ́n bi í. Ó ti fi ipò ọ̀gá ọkọ̀ lé ẹnì kejì rẹ̀ lọ́wọ́. Tó bá tún já a gbà, ohun tó ń sọ ni pé, “Mi ò fọkàn tán ẹ.” Ẹni tó ń dáhùn kì í sì í gbàgbé irú ẹ̀ bọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ míì, òun náà ò ní gba ohun tí wọ́n bá sọ fún un gbọ́ mọ́.

Ọ̀rọ̀ tó yẹ kẹ́ ẹ ti sọ nílé

Ọ̀pọ̀ ìjà orí tábìlì bíríìjì kì í ṣe ìjà orí tábìlì ní ti gidi. Ọ̀rọ̀ tí àwọn méjèèjì ò sọ kí wọ́n tó jókòó ló fà á. Tọkọtaya, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, tàbí òbí àtọmọ tó bá fẹ́ máa ta á pa pọ̀ lè kọ́kọ́ bi ara wọn láwọn ìbéèrè yìí:

● Tí mo bá fi “méjì” ṣí ìpè, póìǹtì mélòó lo máa gbà pé mo ní? Ṣé ó máa yí pa dà tá a bá wà nínú ewu?

● Ṣé mo lè fi káàdì márùn-ún pè é, àbí mẹ́fà ni dandan?

● Tó o bá pe nótrọ́ǹpù méjì, ṣé ìbéèrè ni? Ìdáhùn wo ni màá fún ẹ?

● Tó o bá pe oríṣi míì, bíi sípéèdì méjì lórí háàtì méjì mi, ṣé mo gbọ́dọ̀ dáhùn, àbí mo lè dákẹ́? Àwọn tó mọ eré náà dáadáa pàápàá ò ṣe èyí bákan náà, torí náà àfi kẹ́ ẹ fohùn ṣọ̀kan.

● Tó bá já sí òfo, ìgbà wo la máa sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀?

Ìbéèrè tó kẹ́yìn yẹn lágbára ju bó ṣe dà lójú lọ. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ti jọ ń ta á tipẹ́ ti fi í ṣe òfin fún ara wọn pé, nígbà tí eré bá ṣì ń lọ lọ́wọ́, àwọn ò ní sọ̀rọ̀ nípa ọwọ́ tó ti kọjá. Wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀, ó di ìgbà tí wọ́n bá délé, tí inú ti rọ̀, tí wọ́n sì ti jẹun, kí wọ́n tó mú ìwé náà jáde. Nígbà yẹn, wọ́n sábà máa ń rí i pé kì í ṣe ẹni tó ṣí ìpè ló jẹ̀bi, kì í sì í ṣe ẹni tó dáhùn. Wọn ò tíì fẹnu kò lórí ohun tí ìpè náà túmọ̀ sí ni. Tí wọ́n bá ti wá fẹnu kò, ohun tó kù fún ẹni tó ń dáhùn ò ju pé kó gba ẹnì kejì rẹ̀ gbọ́ nígbà tó bá sọ pé, “Díẹ̀ ni mo ní,” kó sì fi tọwọ́ rẹ̀ ṣe ohun tí díẹ̀ yẹn nílò.